Òfin Ìṣíborí Ọ̀gá Kò-sírú-mi

Ọdún tí wọ́n kun ilé ìwòsàn ìlú wa ní ọ̀dà funfun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, ní ìsọ̀ obìnrin kan tó ń rán awọ àga ọ̀kadà. Mo gbé àga kan lọ kó bá mi rán an. Ó ní kí n jókòó. Ó ń rán, ó ń sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde. Nígbà tó fi máa já òwú, mo ti mọ bí àbúrò rẹ̀ ṣe di ẹni ńlá àti bó ṣe já bọ́. Ohun tí kò sọ fún mi, mo wádìí rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn náà kò mọ̀, mo mọ̀ ọ́n, ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ kọ tirẹ̀.

Àbúrò obìnrin yìí ni olórí iléeṣẹ́ tó ń mójú tó ojú pópó. Kò-sírú-mi ni àwọn ará ìlú ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Bí wọ́n bá dé ojú rẹ̀, oyè rẹ̀ gùn débi pé ẹni tó bá fẹ́ kí i láàárọ̀ ní láti tètè jí. Ọlọ́lá Jùlọ, Alábòójútó Ọ̀nà Gbogbo, Baba Títì, Ìmọ́lẹ̀ Oríta, Ẹni tí Táyà ń Yí Nítorí Rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, akọ̀wé rẹ̀ ló fi kún un lọ́dún tó ń wá ìgbéga.

Akọ̀wé yìí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí orí mímì ti tẹ ọrùn rẹ̀. Bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ó wọlé, sà." Bí ọ̀gá bá dákẹ́, á ní, "Ìdákẹ́jẹ́ yìí jinlẹ̀, sà." Ọ̀gá wúkọ́ ní ìpàdé kan báyìí, akọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá bi í pé kí ló ń kọ.

"Ikọ́ yín ni, sà. Ó ní kókó."

"Kókó wo?"

"Kókó mẹ́ta, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ wú u."

Ọ̀gá ronú sí i, ó sì rí i pé òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí akoto. Akoto ni àṣíborí líle tí ọlọ́kadà ń dé, kí orí rẹ̀ má baà fọ́ bó bá ṣubú. Kí òfin tó dé, kò sẹ́ni tó ń dé e nílùú wa. Àwọn kan ní ooru rẹ̀ pọ̀, àwọn kan ní ó ń ba irun jẹ́, àwọn kan sì gbà pé ìṣubú kò sí nínú kádàrá tiwọn. Ní ilé ìwòsàn, yàrá àwọn tó forí gbọgbẹ́ kún débi pé wọ́n ń tẹ́ ẹní sáàárín bẹ́ẹ̀dì.

Kò-sírú-mi kọ́ ló ronú kan òfin akoto. Ẹni tó wà nípò náà ṣáájú rẹ̀ ló kọ ọ́, tó fi í sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Kò-sírú-mi bá a níbẹ̀, ó sì ń gbé ife tíì lé e. Nígbà tó yá, àṣẹ dé láti òkè pé kí olórí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá sọ ohun tó ti ṣe láti ìgbà tó ti gorí àga. Ó wo yàrá yíká, kò rí ohun tó ti ṣe. Ó wá gbé ife kúrò lórí òfin náà, ó fọwọ́ sí i. Àmì ìdí ife wà lórí rẹ̀ roboto bí òǹtẹ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, nítorí òfin náà dára. Ohun rere kì í bèèrè ẹni tó mú un wá kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde sí títì, wọ́n ń mú ẹni tí kò bá dé akoto, àwọn ọlọ́kadà sì ń kùn títí ó fi mọ́ wọn lára. Ọ̀kadà ṣì ń ṣubú. Ẹsẹ̀ ń kán, apá ń yẹ̀, eyín ń yọ. Ṣùgbọ́n orí ń bá olórí padà sílé. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ká ẹní kúrò láàárín bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin tí kì í ṣàwàdà, ní òun ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní ọ̀sán.

Nígbà tí ìròyìn yìí dé etí Kò-sírú-mi, ó dìde, ó lọ dúró síwájú dígí.

"Akọ̀wé."

"Ó wọlé, sà."

"N kò tíì sọ nǹkan kan."

"Mo rí i pé ó ń bọ̀, sà."

"Mo ti fòpin sí ikú."

"Ikú náà ti gbọ́, sà."

"Ó yẹ kí àwọn èèyàn máa rí ẹni tó gbà wọ́n là."

Bí wọ́n ṣe ya àwòrán rẹ̀ nìyẹn, tó tóbi tó ilẹ̀kùn àbáwọlé, tí wọ́n gbé e kọ́ sórí òpó ní gbogbo oríta. Ó na ọwọ́ sókè, ó yọ eyín. Ẹ kíyè sí i pé oríta ni o, níbi tí ẹni tó ń gun ọ̀kadà ti nílò ojú rẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí awakọ̀ gbé òun jáde, kí òun lọ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń wo òun. Wọ́n dúró ní oríta tó tóbi jù. Ọ̀kadà ń kọjá lọ, ọ̀kadà ń kọjá bọ̀, gbogbo wọn dé akoto wọn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ọ̀kan tiẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ gan-an, akoto lórí, tó ń wo iwájú. Inú ọ̀gá bàjẹ́.

"Ó dé fìlà lójú mi," ló wí.

"Ta ni, sà?"

"Gbogbo wọn."

Nísinsìnyí, ẹ̀kọ́ ilé ni pé kí ọmọdé ṣí fìlà fún àgbà. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò sọ fún mi rí pé kí n ṣí i fún àwòrán, pàápàá bí mo bá ń sáré bọ̀ lórí táyà méjì.

Kò-sírú-mi pe ìpàdé. Agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ wá, ẹnjiníà tó ń mójú tó títì wá, akọ̀wé ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ṣé fìlà ni akoto àbí kì í ṣe fìlà?

Agbẹjọ́rò dìde. "Ọlọ́lá Jùlọ, lójú òfin, ohunkóhun tó bá bo orí, fìlà ni."

"Òrùlé ńkọ́?" ni ẹnjiníà bi í.

Akọ̀wé gbójú sókè wo àjà.

"Òrùlé bo orí wa báyìí," ni ẹnjiníà tún wí. "Ṣé ká ṣí i?"

Ọ̀gá rọra fọwọ́ pa àgbọ̀n. "Ọ̀rọ̀ òrùlé jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. A kò gbọ́dọ̀ kánjú sí i. A ó gbé e wá sí ìpàdé mìíràn."

"Sà, mo ń ṣàwàdà ni. Ohun tí mò ń bèèrè gan-an ni pé, ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣí akoto lórí ìrìn, ọwọ́ wo ló máa fi di bíréèkì mú?"

"Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún aláṣẹ," ni Kò-sírú-mi dáhùn, "bíréèkì á bọ̀wọ̀ fún un."

"Ó wọlé, sà," ni akọ̀wé wí. "Ó jáde lódìkejì, ó sì tún padà wọlé."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹnjiníà lọ sí ẹ̀ka tó ń mójú tó àwọn ọ̀nà tí wọn kò tíì là. Wọ́n fún un ní àga kan, wọn kò fún un ní tábìlì, nítorí kò sí nǹkan tó fẹ́ gbé lé e.

Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìṣíborí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ dé akoto níbi gbogbo. Bó bá ti dé iwájú àwòrán Ọlọ́lá Jùlọ, kó ṣí i, kó tẹ orí ba díẹ̀, bó bá sì ti kọjá, kó tún un dé. Kò gbọ́dọ̀ dúró, kó má baà dí ọ̀nà. Wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ méjì sí oríta kọ̀ọ̀kan. Èkíní ń mú ẹni tí kò dé akoto. Èkejì ń mú ẹni tó dé e níwájú àwòrán. Abẹ́ òpó kan náà ni wọ́n jọ ń dúró, omi kan náà ni wọ́n sì jọ ń mu.

Obìnrin tó ń rán àga, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Kò-sírú-mi, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọlọ́kadà ni ọmọ náà, ọkùnrin tó ti níyàwó, tó ti bímọ méjì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ẹni orí òpó yẹn, àbúrò ìyá òun ni. Ó ní ìtìjú kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń pín fún ará àdúgbò. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìyá kan sẹ́yìn, ó dé oríta, ó ṣí akoto.

"Dúró níbẹ̀," ni ẹ̀ṣọ́ èkíní wí. "Akoto rẹ dà?"

"Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo ṣí i fún bàbá orí òpó."

"Dé e."

Ó dé e.

"Dúró níbẹ̀," ni èkejì wí. "O dé fìlà lójú ọ̀gá."

"Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló ní kí n dé e."

"Èmi ò mọ ohun tó sọ. Ẹ̀ka tiwa yàtọ̀. Ṣí i."

Ó ṣí i.

"Ìwọ yìí," ni èkíní tún wí, "akoto rẹ dà?"

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́. Orí kan ni mo gbé jáde nílé. Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ pinnu ẹni tó ni ín. Mo lè dúró."

"Èmi ò lè dúró," ni ìyá ẹ̀yìn rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kó dé apá kan, kó ṣí apá kan. Mo ń lọ síbi iṣẹ́."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wo ara wọn. Èkíní ní ìmọ̀ràn yẹn kò burú, àfi pé ẹ̀ka kẹta ni wọ́n máa dá sílẹ̀ fún ìyẹn.

Àwọn ọlọ́kadà wá ọgbọ́n dá. Dípò kí wọ́n máa tú okùn akoto ní oríta kọ̀ọ̀kan, wọn kò so ó mọ́. Wọ́n kàn gbé e lé orí bí ẹni gbé ìdérí lé ìkòkò. Ó rọrùn láti ṣí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n akoto tí wọn kò so, bí èèyàn bá ṣubú, òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ, orí á wá tẹ̀ lé e. Àwọn tó sì ṣì ń so ó ń fi ọwọ́ kan gun ọ̀kadà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì jà lábẹ́ àgbọ̀n. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tún tẹ́ ẹní padà. Nọ́ọ̀sì àgbà tún ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní alẹ́.

Àga ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Kò-sírú-mi mọ̀. Àwọn àga tó ń wá sí ìsọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó gbó mọ́. Èyí tó ya lójijì ni, àwọn mìíràn ṣì tuntun. Bó bá bèèrè ẹni tó ni ín, ìyàwó á dáhùn, tàbí bàbá. Wọ́n á ní ó wà ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí obìnrin kan gbé àga wá, tó ní kó má wulẹ̀ rán an, kó bá òun tà á ni, ó pa ìsọ̀ dé, ó gba ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀ lọ.

Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà dá a dúró. "Mama, ẹ ṣí ìborí yín. Ẹ máa kọjá níwájú àwòrán kẹ́ ẹ tó débẹ̀."

"Ọmọ mi, èmi ni mo pọn ẹni inú àwòrán yẹn. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́kọ́ ń wo àwọn èèyàn láti òkè. Yà fún mi."

Ó yà fún un.

Kò-sírú-mi wà lórí àga rẹ̀, akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹlẹ́kún," ni obìnrin náà wí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé nìyẹn, nígbà tó wà lọ́mọdé tí kì í yé ké.

Akọ̀wé gbé bírò. "Sà, ṣé ká fi kún oyè yín?"

"Má kọ ọ́."

"Ó wọlé, sà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti rí àwòrán tuntun?"

"Mo rí i. Eyín rẹ ń ba àwọn ọmọdé lẹ́rù. Gbọ́ mi, Ẹlẹ́kún. Òfin akoto dára, Ọlọ́run á san ẹ̀san rẹ̀ fún ọ. Èyí tó ní kí wọ́n máa ṣí i, pa á rẹ́. Ọmọ kan ni mo bí. Kò sí oríta tó ń kọjá tí ìwọ kò sí lókè rẹ̀."

Kò-sírú-mi dìde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bó bá ti dìde, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ìran tó ń bọ̀ yóò bèèrè lọ́wọ́ wa. Wọn kò ní bèèrè pé ta ló ṣubú. Ìṣubú ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n á bèèrè pé, nígbà tí ẹni ńlá yẹn wà láàárín wọn, báwo ni wọ́n ṣe kí i? Ìtàn ń wò wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ìtàn jókòó sórí òpó, ó ń wo títì."

"Ìwọ lo wà lórí òpó."

"Ó wọlé, mama," ni akọ̀wé wí, kó tó rántí ẹni tó ń sanwó oṣù rẹ̀. Ó fi bírò há ẹnu.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni obìnrin náà wí. "Ìwọ lo wà lọ́jà, Ẹlẹ́kún, ìwọ gan-an lo sì ń tì í kó wọ́."

Kò-sírú-mi rò ó díẹ̀. Kì í ṣe òǹrorò, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun á ní kí wọ́n ṣe páálí kan fún ọmọ náà, tó máa so kọ́ àyà, tí wọ́n á kọ Ìbátan Ọlọ́lá Jùlọ sí. Ẹni tó bá so ó kọ́ lè dé akoto rẹ̀ kọjá níbi gbogbo.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rántí àwọn ìyá yòókù, ó sì rántí pé ọmọ kan ni òun bí. Ó gba páálí náà.

Ọmọ rẹ̀ kò gbà á. "Ìyá mi, ẹ wo páálí yìí dáadáa. Kí n so orúkọ ọkùnrin yẹn kọ́ àyà, kí n máa dé akoto kọjá níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń ṣí tiwọn? Orí mi á yè, ojú á sì tì mí. Màá ṣí i bí àwọn yòókù ṣe ń ṣí i."

"Tí o bá ṣubú ńkọ́?"

"Ẹ má dààmú. Orí mi le. Lọ́dọ̀ yín ni mo ti mú un."

Orí kunkun wà nínú ẹbí yẹn, n kò fi pa mọ́. Ó gbé páálí lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, ó jáde.

Ní oríta tó tóbi jù, ní ọ̀sán gangan, ó fi ọwọ́ òsì gbé akoto. Okùn rẹ̀ há sábẹ́ àgbọ̀n. Akoto yí, ó bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ kan tó ru yanrìn ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ láti ẹnu géètì kan. Nígbà tó fi máa fa akoto náà kúrò, ọkọ̀ ti dé. Akoto bọ́ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀, orí rẹ̀ bá etí gọ́tà.

Kò-sírú-mi wá sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú akọ̀wé, ayàwòrán kan, àti àwòrán ara rẹ̀ kan tó fẹ́ kí wọ́n kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn sílẹ̀, báńdéèjì yí gbogbo orí rẹ̀ ká, kò mọ ẹni tó wọlé. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ. "Ẹ wo ọ̀dọ́kùnrin yìí. Ó ṣí akoto rẹ̀ kó tó ṣubú. Àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ọmọlúàbí ni."

Akọ̀wé tẹ̀ sí i létí. "Sà, báńdéèjì tó wà lórí rẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó bo orí."

Ọ̀gá wo báńdéèjì náà títí. "Ẹ fi sílẹ̀," ló wí. "Aláìsàn ni."

Ẹ rí i pé aláàánú ni.

"Ẹlẹ́kún," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, láìgbé ojú sókè, "pa òfin yẹn rẹ́ lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Olórí Ìjọba ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí láti fi mí joyè nítorí àwọn orí tí mo dáàbò bò. Bí mo bá pa á rẹ́ báyìí, wọ́n á ní mo ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣayẹyẹ ná."

"Àwọn tó máa ṣubú kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé ńkọ́?"

"Wọ́n á ní sùúrù."

Nọ́ọ̀sì àgbà ló sọ pé yàrá yìí kò gba èèyàn mọ́, kí àwọn tó lè rìn máa rìn lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó yí àwòrán náà kọjú sí ògiri, ó padà jókòó.

Ọjọ́ ayẹyẹ ku sí dẹ̀dẹ̀. Kò-sírú-mi ní òun fúnra òun ni òun máa gun ọ̀kadà kọjá níwájú Olórí Ìjọba, pẹ̀lú akoto aláwọ̀ wúrà. Wọ́n gbé iṣẹ́ akoto náà fún wẹ́dà kan, ẹni tó ń jó irin. Láti ọjọ́ tí Kò-sírú-mi ti sọ ní ìpàdé pé orí ńlá, ti alábàárù ni, kò sí ẹni tó gbójúgbóyà láti sọ bí orí tirẹ̀ ṣe tóbi tó. Akọ̀wé wọn orí náà, ó rí iye tó jẹ́, ẹ̀rù bà á, ó yọ díẹ̀ kúrò. Wẹ́dà gbọ́ iye tí wọ́n mú wá, òun náà yọ díẹ̀ kúrò, kí wọ́n má baà ní òun ń rí ọ̀gá fín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, akoto kò wọlé. Wọ́n fi ọṣẹ pa etí ọ̀gá méjèèjì. Ọkùnrin méjì dìde lé e lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dún fàpà bí ìdérí ìgò.

"Ó wọlé, sà," ni akọ̀wé wí. Láti ìgbà tó ti ń sọ ọ́, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ òótọ́.

Lábẹ́ àtíbàbà, Olórí Ìjọba ti jókòó, ọkùnrin àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí ẹlòmíràn má baà rò pé òun náà lè rẹ́rìn-ín. Kò-sírú-mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Inú akoto ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ohun tó jáde síta dà bí ohùn ẹni tó já sí kànga tó sì ń dúpẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé nu omijé ojú, ó ní ọ̀gá kò tíì sọ̀rọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ó gun ọ̀kadà. Títì yẹn dà gẹ̀rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, síbi tí àwòrán rẹ̀ tó tóbi jù wà. Olùdarí ètò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Nísinsìnyí," ló wí, "gẹ́gẹ́ bí òfin tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, Ọlọ́lá Jùlọ yóò ṣíborí fún Olórí Ìjọba."

Kò-sírú-mi fi ọwọ́ kan fa akoto. Kò mì. Ó tún un fà. Ó fi ọwọ́ kejì kún un. Ọ̀kadà kò mọ oyè, ó ń yí lọ. Ó fà á títí ọrùn rẹ̀ fi gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ẹ wo ohun tí Olórí Ìjọba rí láti ibi tó jókòó sí: ọkùnrin kan ń kọjá níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mọ́ orí kó má baà ṣí.

"Ta nìyẹn?" ni Olórí Ìjọba bèèrè.

"Ẹni tí ẹ fẹ́ fi joyè ni, Ọlọ́lá."

"Ó dé fìlà lójú mi."

Ọ̀kadà dé ìsàlẹ̀, ó kọlu òpó. Kò-sírú-mi fò kúrò lórí rẹ̀, ó forí sọ etí gọ́tà. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá ju odó sórí símẹ́ńtì. Òpó tẹ̀, ó tẹ̀, àwòrán já bọ́ lé e, ó bò ó mọ́lẹ̀, tòun ti eyín. Wọ́n kọ́kọ́ gbé àwòrán dìde kí wọ́n tó gbé ọ̀gá, nítorí kò sẹ́ni tó mọ èwo nínú wọn ni òfin sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ kí.

Yàrá kan náà ni wọ́n gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀dì kò sí, wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Ayùn tí wọ́n fi ń gé símẹ́ńtì tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ tó kán ni nọ́ọ̀sì àgbà fi la akoto náà. Inú rẹ̀ ti sán, ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọnú. Dókítà yẹ orí wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Bí akoto yìí bá ti ṣí," ló wí, "mọ́ṣúárì là bá gbé yín lọ."

Kò-sírú-mi gbé ojú sókè. "Ṣé Olórí Ìjọba pàtẹ́wọ́?"

Akọ̀wé kò bá wọn wá. Ó ti dúró ti ẹni tí wọ́n ní ó máa gba ipò náà, ó ń mi orí fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. "Ẹlẹ́kún, ṣé orí rẹ wà?"

"Ó wà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Dìde, kó o wá wo ti ọmọ mi."

Ó dìde, ó lọ dúró síbẹ̀. Ọmọ náà ti lajú ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ gbé àwọn ọmọ méjèèjì dání. Bàbá wọn wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn bí ẹni ń kí ọmọ àlejò, ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. "Àwọn ọmọ yìí wuyì," ló wí. "Kí lorúkọ wọn?"

Kò-sírú-mi padà lọ jókòó sórí ẹní rẹ̀.

Wọ́n yọ ọ́ nípò ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ó dé fìlà lójú Olórí Ìjọba. Kò sí nǹkan kan nípa àwọn orí tó fọ́. Ẹni tuntun pa Òfin Ìṣíborí rẹ́ lọ́gán, kì í ṣe nítorí àwọn orí náà, bí kò ṣe pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣí nǹkan fún àwòrán ẹlòmíràn. Òfin akoto ṣì wà níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn ọlọ́kadà ti tún ń so okùn, wọ́n sì ti ká ẹní.

Kí n wá ka ohun tó sọnù. Akoto aláwọ̀ wúrà kan, tí ayùn là sí méjì. Òpó kan. Oyè márùn-ún. Ojú kọ̀ọ̀kan lára ọkùnrin mẹ́ta. Èèyàn méje tó kú, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èrò ẹ̀yìn tí kò ṣí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Orí Kò-sírú-mi kò sí nínú iye náà. Àti orúkọ méjì, ti àwọn ọmọ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí, tí wọ́n ń sọ fún un láràárọ̀.